Ilé Ọmọláńgidi Kan ní Television, Kàdúná

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà." Nígbà tí a bá pa òwe yìí, ọ̀dọ̀ ọmọ ni ọkàn wa máa ń lọ, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú wa ro ti ilé tí òwe náà dárúkọ. Ọ̀rọ̀ ilé ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí, ilé náà sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò lè wọ inú rẹ̀: ilé tí a kàn fún ọmọdé kí ó lè máa fi ọmọláńgidi rẹ̀ sí. Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé mìíràn rẹ́rìn-ín, kí ó sì béèrè pé, kí ni ó kan ìtàn nínú ohun ìṣeré? Mo bẹ irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ pé kí ó fara balẹ̀ tẹ̀ lé mi.

Ní ìparí ọdún 2019 ni mo lọ kí bàbá mi ní Television, ní gúúsù ìlú Kàdúná. Bí mo ti ń bá wọn palẹ̀ àjà mọ́ ni mo rí àpótí kan tí eruku ti bò, tí ikán sì ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ìgbà tí mo gbé e bọ́ sí ìmọ́lẹ̀ ni mo tó dá a mọ̀: ilé ọmọláńgidi tí bàbá mi fi ọwọ́ ara wọn kàn fún àbúrò mi obìnrin ní ọdún 1984 ni. Àbúrò mi náà ti di abiyamọ báyìí, ọmọbìnrin rẹ̀ sì ti pé ọmọ ọdún méje. Mo pinnu pé n óò tún ilé náà ṣe fún ọmọ náà kí Kérésìmesì tó dé. Iṣẹ́ tí mo rò pé n óò fi ọjọ́ méjì ṣe gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, nítorí pé kò sí ibi tí mo fọwọ́ kàn nínú ilé náà tí kò ní ìtàn tirẹ̀.

Àdúgbò tí ilé náà wà

Ẹni tí kò mọ Kàdúná lè máa ṣe kàyéfì pé àdúgbò kan ń jẹ́ Television. Iṣẹ́ tẹlifíṣàn ni àdúgbò náà ti gba orúkọ. Gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀, Ìbàdàn ni tẹlifíṣàn ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Ti Ẹnúgu tẹ̀ lé e ní 1960, ti Kàdúná sì bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń ké "Television! Television!" ní gárèèjì ni kò ro ti àwòrán tàbí ìròyìn kankan, ibi tí ọkọ̀ ń lọ ni wọ́n ń pè.

Ìlú Kàdúná fúnra rẹ̀ kò tíì dàgbà bí Zaria tàbí Kánò. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó sọ ọ́ di ìlú ńlá, nígbà tí wọ́n kó olú ìlú ilẹ̀ Àríwá kúrò ní Zungeru wá síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1917. Ṣáájú èyí, ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò ní 1912 ti la agbègbè náà kọjá, ọkọ̀ yìí ni ó sì gbé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ síbẹ̀: akọ̀wé, gbẹ́nàgbẹ́nà, télọ̀ àti oníṣòwò. Nígbà tí ó di 1957, ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles Limited bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kakuri, nípa àjọṣe ìjọba Àríwá àti ilé iṣẹ́ David Whitehead ti Lancashire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ni wọ́n kún àwọn àdúgbò gúúsù ìlú náà, tí Yorùbá, Haúsá, Ígbò, Gbagyi, Kataf àti ẹ̀yà mìíràn fi di aládùúgbò ara wọn, tí ọmọ wọn sì jọ ń fa omi nídìí ẹ̀rọ kan náà.

Bàbá mi wà lára àwọn òṣìṣẹ́ náà. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan, tí n kò ní dárúkọ, ni wọ́n sìn fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Pákó àpótí tí wọ́n fi ń kó ẹrù dé ilé iṣẹ́ ni wọ́n rà ní ọ̀pọ̀ láti fi kan ilé ọmọláńgidi náà. Gíga rẹ̀ kò ju ìgbọ̀nwọ́ méjì lọ. Agolo mílíìkì tí a lù pẹlẹbẹ ni páànù orí rẹ̀. Awọ bàtà ni ó so ilẹ̀kùn mọ́ ara ògiri. Yàrá mẹ́rin sì wà nínú rẹ̀, méjì dojú kọ méjì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ sì wà láàrin, gẹ́gẹ́ bí ilé tí a háyà nígbà náà ti rí gan-an.

Eré ilé kíkọ́ láàrin àwọn ọmọ Yorùbá

Kí a má ṣe rò pé láti ọ̀dọ̀ Òyìnbó ni ọmọ wa ti kọ́ eré ilé kíkọ́. Ta ni nínú wa tí kò fi ẹsẹ̀ sínú iyanrìn tútù rí, tí kò gbá iyanrìn lé e, tí kò rọra fa ẹsẹ̀ náà yọ kí ilé má bàa wó? Igi wẹ́wẹ́ ni ọgbà, ewé ni òrùlé, ìkarahun ìgbín ni ìkòkò ọbẹ̀. Ọmọkùnrin a di baálé, ọmọbìnrin a di ìyáálé, a sì pọn ọmọláńgidi sẹ́yìn. Èyí tí kò bá ní èyí tí a gbẹ́ a fi aṣọ wé ṣùkù àgbàdo, a sì máa rẹ̀ ẹ́ kí ó má sunkún.

Ó yẹ kí a ṣe ìyàtọ̀ níhìn-ín láàrin ọmọláńgidi àti ère ìbejì. Ohun ìṣeré ni ti ìṣáájú. Ti ìkejì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, a gbẹ́ ère dúró fún un, a ń wẹ̀ ẹ́, a ń fi osùn pa á, a ń bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjèèjì pàdé ní ọ̀rúndún ogún, nígbà tí àwọn ìdílé kan bẹ̀rẹ̀ sí í ra bèbí oníke láti ọjà, tí wọ́n fi rọ́pò ère igi fún ìbejì tí ó lọ. Ohun tí ilé iṣẹ́ ṣe fún eré ní òkè òkun di ohun ìtọ́jú àti ìrántí lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Láti inú èyí ni a ti rí i pé ọwọ́ ẹni tí ó gba nǹkan ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà ju ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é lọ.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ fún àkíyèsí. Ilé iyanrìn tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ kì í pẹ́. Bí òjò rọ̀, bí ewúrẹ́ kọjá, ó parí. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, wọn a tún un kọ́. Kò sí ẹni tí ń tún un ṣe, nítorí pé wọn kì í tọ́jú rẹ̀. Ilé tí a kàn, tí a kùn, tí a gbé sí yàrá fún ọdún púpọ̀, àṣà mìíràn ni èyí, ó sì tọ́ kí a wo ibi tí ó ti wá.

Ilé kékeré àwọn Òyìnbó

Ọ̀kan nínú èyí tí ó lókìkí jùlọ ní ìgbà àtijọ́ ni ilé tí Albrecht Karùn-ún, olórí ilẹ̀ Bavaria ní Jámánì, mú kí a ṣe ní nǹkan bí ọdún 1558. Ọlọ́lá ni ó wà fún, láti fi ọrọ̀ rẹ̀ hàn. Bákan náà ni ó rí ní ìlú Amsterdam, níbi tí obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ Petronella Oortman ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun ọ̀ṣọ́ jọ sínú tirẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1686. Owó tí ó ná lé e lórí tó ra ilé gidi létí odò. Ilé náà ṣì wà ní Rijksmuseum di òní. Ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ Jámánì àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú wọn lọ́pọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n tó di ti ọmọdé ní tòótọ́.

Èyí tí ó kàn wá jù ni ti Ayaba Mary. Láàrin 1921 sí 1924 ni Edwin Lutyens, ayàwòrán ilé, darí kíkọ́ rẹ̀: omi ń ṣàn nínú ẹ̀rọ rẹ̀, iná mànàmáná ń tàn, ìwé kéékèèké sì kún yàrá ìkàwé rẹ̀. Ní 1924, wọ́n gbé e lọ sí Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi àfihàn ńlá ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ní ibi àfihàn kan náà ni wọ́n mọ ìlú olódi kan fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n fi ògiri àwọn ìlú Haúsá ṣe àwòkọ́ rẹ̀, wọ́n sì mú ahunṣọ àti oníṣọ̀nà wa lọ síbẹ̀ kí olùwòran lè máa wò wọ́n. Ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa àwọn ènìyàn Nàìjíríà ní ọdún náà. Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin níbẹ̀, kọ lẹ́tà láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní 1925, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí a mọ̀ sí WASU sílẹ̀. Ẹ rí i pé àwòkọ́ ilé méjì ni ó wà ní Wembley. Ọ̀kan ni onílé fi ìfẹ́ ṣe fún ara rẹ̀. Èkejì ni ẹlòmíràn fi ojú ara rẹ̀ ṣe fún wa. Ìdí nìyí tí ó fi ṣe pàtàkì pé kí ọmọ wa ní ilé kékeré tí ó jọ ilé tirẹ̀.

Àtúnṣe ilé náà

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ikán jẹ. Mo gé e kúrò, mo fi igi ọ̀gánwó rọ́pò rẹ̀, mo sì fi kẹrosíìnì pa ìsàlẹ̀ ilé náà yí ká. Mo na páànù tí ó ti wọ́, mo fi sáńpépà ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò. Fún ògiri ìta, mo fẹ́ dán ọgbọ́n àwọn mọlémọlé Zaria wò, níbi tí Mikaila, tí wọ́n fún ní oyè Babban Gwani, ti kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840. Àwọn mọlémọlé ilẹ̀ Haúsá a máa fi omi èèpo èso irúgbá po amọ̀ tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri, kí òjò má bàa tètè fọ̀ ọ́. Ti àkọ́kọ́ tí mo rẹ́ sára pákó náà sán. Ó nípọn jù. Mo pò ó ní fẹ́ẹ́rẹ́, mo fi lẹ́ẹ̀ gbágùúdá díẹ̀ sí i, ó sì dì mú.

Inú ilé ni ìṣòro wà. Mo ti mú ọ̀bẹ láti ha ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri nígbà tí bàbá mi sọ láti orí àga wọn pé, "Má ha á. Fi omi gbígbóná rẹ̀ ẹ́." Mo ṣe bí wọ́n ti wí. Ìwé kàlẹ́ńdà ni ó kọ́kọ́ ṣí kúrò. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ní yàrá kejì, ìwé owó oṣù bàbá mi ni mo bá, mẹ́sàn-án lẹ́sẹẹsẹ, tí a fi lẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ pákó. Ìwé ṣọ̀wọ́n nígbà náà, wọ́n sì ti lo èyí tí ó wà lárọ̀ọ́wọ́tó.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tí ọwọ́ mi fi gbọ̀n. Kaduna Textiles dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní 2002. Ilé iṣẹ́ United Nigerian Textiles tì ní 2007, kí ó tó tún ṣí ní 2010. Ilé iṣẹ́ ti bàbá mi náà ti tì, wọn kò sì san owó ìfẹ̀yìntì wọn fún wọn. Nígbàkígbà tí wọ́n bá pe àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ láti wá fi ẹ̀rí hàn, díẹ̀ ni ìwé tí ó kù lọ́wọ́ bàbá mi, nítorí pé àpótí ìwé wọn ti ṣòfò. Wọ́n gbé awò ojú wọ̀, wọ́n ka orúkọ ara wọn àti nọ́ńbà iṣẹ́ wọn sókè, lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Títí di ìgbà tí mo kúrò níbẹ̀, ìwé náà kò tíì sọ owó di sísan. Mẹ́fà ni a lè ṣí láìya, a sì fi wọ́n pamọ́. Mẹ́ta tí ó lẹ̀ típẹ́típẹ́ ni a fi sílẹ̀ lára ògiri.

Ọmọláńgidi méjì

Nígbà tí mo ṣí pákó ilẹ̀ yàrá kẹta, mo bá ọmọláńgidi méjì níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti igi. Ìkejì jẹ́ pòròpórò tí a wé ní ìrépé aṣọ, irú èyí tí àwọn ọmọ Haúsá ń pè ní 'yar tsana. Mo fẹ́ sọ èyí nù nítorí pé ó ti ń rún. Àbúrò mi gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní ti ọ̀rẹ́ òun ni, ọmọ aládùúgbò wa tí àwọn jọ ń ṣeré nídìí ilé náà, tí àwọn sì jọ tọ́jú ọmọ àwọn sábẹ́ ilẹ̀ nítorí ikán. Nígbà tí ìjà ẹ̀sìn ṣẹlẹ̀ ní Kàdúná ní oṣù Kejì àti oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ọ̀pọ̀ ìdílé kó kúrò láàrin àwọn tí wọ́n ti bá gbé pẹ́: Mùsùlùmí lọ sí òdì kejì odò, Kristẹni wá sí ìhà gúúsù. Ìdílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó lọ ní òru ọjọ́ kan. Àbúrò mi kò tíì rí i mọ́ láti ìgbà náà.

Ọmọ rẹ̀ ni ó yan ọ̀dà yàrá mẹ́ta. Aláwọ̀ osùn ni ó fẹ́. Yàrá kẹrin, èyí tí ìwé owó oṣù wà, ni a kò kùn. Ìyá rẹ̀ rán aṣọ fèrèsé láti inú ìrépé aṣọ tí ó kù láti ilé iṣẹ́ bàbá wa. Nígbà tí a gbé ilé náà fún ọmọ náà, ó tẹ́ ọmọláńgidi méjèèjì sórí ẹní kan, ó sì béèrè pé, "Mọ́mì, kí ni orúkọ èyí?" Ìyá rẹ̀ dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un.

Ìkádìí

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ ti kà nípa ọba, ogun àti òwò nínú ìwé ìtàn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iye owó tí òṣìṣẹ́ kan ń gbà ní Kàdúná ní 1984, irú yàrá tí ó ń gbé àti ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń bá ṣeré, gbogbo rẹ̀ ni mo rí nínú àpótí kan tí ó kù díẹ̀ kí ikán jẹ tán. Nígbà tí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ wo orí àjà. Bí ẹ bá rí ohun àtijọ́ tí ẹ fẹ́ sọ dọ̀tun fún ọmọdé, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àgbà tí ó wà nílé kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kàn án, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ tí ń bọ̀ wá ilé náà tì.