Ìdí Mánhóòlù: Láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù dé Àbújá

Nígbà tí ìjọba kó wá sí Àbújá lọ́dún 1991, ọ̀pọ̀ wa tí a bá wọn wá kò mọ̀ ju ṣáláńgá àti sókàwé lọ. Níbí, páìpù abẹ́ ilẹ̀ ló ń kó omi ẹ̀gbin àárín ìlú lọ sí Wupa. Ibi tí páìpù bá ti pàdé ni mánhóòlù máa ń wà.

Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, lọ́dún 1854, ṣáláńgá oníbíríkì kan tó ti sán jò sínú kànga Broad Street. Àrùn onígbáméjì pa ènìyàn tó ju 500 lọ ládùúgbò náà. Dókítà John Snow ló tọ́ka sí kànga yẹn. Lẹ́yìn 1858 ni Joseph Bazalgette la ọ̀nà omi ẹ̀gbin fún ìlú náà, bíríkì náà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Fún ìgbà pípẹ́, inú kòtò ni bíríkìlà ti ń mọ ìdí mánhóòlù. Bí omi bá sun kí sìmẹ́ǹtì tó le, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Ní ọ̀rúndún ogún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ìdí náà ní ilé iṣẹ́: kọnkéré tó ti le, tí ojú ọ̀nà omi ti wà nínú rẹ̀, tí rọ́bà sì ń dí etí páìpù.

Ìdérí tí àwọn olè ń jí ni a máa ń pariwo lé lórí, ó sì tọ́, nítorí ọmọ wa lè já sí i. Ṣùgbọ́n ìdí tó bá sán, inú kànga àdúgbò ló ń jò sí.