Ìrora Ìbàdí Aboyún

Ìrora ìbàdí aboyún ni ìrora oríkèé egungun ìbàdí nígbà oyún tàbí lẹ́yìn ìbímọ. Ó lè mú níwájú, níbi tí egungun méjì ti pàdé lókè ojú ara, tàbí nísàlẹ̀ ẹ̀yìn. Nínú aboyún márùn-ún, ó máa ń mú bí ẹnì kan. Yíyí padà lórí ibùsùn a di iṣẹ́ ńlá; gbígbé ẹsẹ̀ kan sókè láti wọ pátá tàbí gun ọ̀kadà a sì máa dunni wọra.

Ní Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, “oyún ló fà á” ni aláboyún sábà máa ń gbọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtọ́jú wà. Ó wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun (UNIOSUN) ní Òṣogbo àti ní Wesley Guild ní Iléṣà, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, tó sì di ara ilé ìwòsàn yunifásítì Ifẹ̀ ní 1975. Àwọn oníṣẹ́ físíò máa ń kọ́ni ní eré ìmárale, wọ́n sì lè fúnni ní ìgbànú ìbàdí. Nílé, kí aboyún jókòó wọṣọ, kí ó pa orúnkún pọ̀ bó bá ń yí padà.

Ìrora yìí kì í pa ọmọ inú lára, ó sì sábà máa ń lọ láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí ibà bá bá a rìn, nǹkan mìíràn ni. Kí aboyún lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.