Igi Àjàrà Ìhà Gúúsù Ilẹ̀ Faransé: Ìtàn Ọ̀pọ̀ Tí Ó Di Ìṣẹ́

Ohun tí ènìyàn bá gbìn ni yóò ká. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìtàn àwọn ọlọ́gbà àjàrà ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Faransé fi hàn pé ènìyàn lè gbìn, kí ó ká, kí ó tilẹ̀ ká ju bí ó ti lérò lọ, síbẹ̀ kí ebi máa pa á. Ohun tí ó fa èyí kò ju irú igi tí wọ́n yàn láti gbìn àti bí wọ́n ṣe lò ó lọ.

Bí àjàrà ṣe dé ibẹ̀

Àwọn Gíríìkì láti Phocaea ni wọ́n tẹ ìlú Marseille dó ní nǹkan bí 600 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, tí wọ́n sì gbin àjàrà sí àyíká rẹ̀. Àwọn ará Róòmù tẹ Narbonne dó ní 118 ṣáájú ìbí Jésù, ọtí wáìnì sì di ọjà pàtàkì ní gbogbo etí òkun náà. Oòrùn ibẹ̀ mú, òjò kò pọ̀, ẹ̀fúùfù tí wọ́n ń pè ní mistral sì máa ń fẹ́ ìrì kúrò lára ewé. Ilẹ̀ tí ó dára fún àjàrà ni.

Mẹ́ta nínú àwọn igi tí ó lókìkí jù níbẹ̀ ni ó ti Sípéènì wá. Grenache ni èkíní. Ó fẹ́ràn ooru, ó lè dúró nínú ẹ̀fúùfù, èso rẹ̀ dùn gan-an, nítorí náà ọtí rẹ̀ máa ń pani. Mourvèdre ni èkejì. Èso rẹ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó pọ́n, ọtí rẹ̀ dúdú, ó sì le, kò ṣeé kánjú mu. Carignan ni ẹ̀kẹta, tí ó máa ń so wọ̀ǹtìwọ̀ǹtì, tí ọtí rẹ̀ kan, tí ó sì máa ń fún ni lẹ́nu. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, Cinsault wà, tí ọtí rẹ̀ rọ̀, tí wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe ọtí pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Láti apá òkè odò Rhône ni Syrah ti wá ní tirẹ̀. Ọtí rẹ̀ pọ́n gidigidi, òórùn rẹ̀ sì dà bí ti iyèré. Àwọn àgbàlagbà ọlọ́gbà kì í sábà fi irú kan ṣoṣo ṣe ọtí. Wọ́n máa ń po méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, kí agbára ọ̀kan lè bo àbùkù èkejì.

Aramon gba oko

Ní àwọn ọdún 1850, ojú irin reluwé dé Languedoc, ó sì so ó pọ̀ mọ́ àwọn ìlú ńlá ní àríwá. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ àti ti ibi ìwakùsà kún àwọn ìlú wọ̀nyí, ọtí púpọ̀ tí kò wọ́n ni wọ́n sì ń fẹ́. Igi kan tí ń jẹ́ Aramon ni ó lè tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí a bá gbìn ín sí ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ó lọ́ràá, hẹ́kítà kan lè mú ju 20,000 lítà ọtí jáde. Bí a bá rántí pé 3,500 lítà péré ni òfin gbà láàyè lórí hẹ́kítà kan ní Châteauneuf-du-Pape lónìí, a óò mọ bí èyí ti pọ̀ tó.

Ṣùgbọ́n ọtí Aramon fẹ́lẹ́, kò ní àwọ̀, kò sì lágbára. Kí wọ́n lè fún un ní àwọ̀, Louis Bouschet mú Aramon pọ̀ mọ́ igi mìíràn tí omi èso rẹ̀ pupa, ní 1824. Ọmọ rẹ̀, Henri, tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ yìí. Ní 1866 ó mú igi tí bàbá rẹ̀ dá pọ̀ mọ́ Grenache, ó sì rí Alicante Bouschet. Báyìí ni àwọn àgbẹ̀ fi òkè olókùúta sílẹ̀, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbin ọkà tẹ́lẹ̀.

Kòkòrò inú gbòǹgbò

Ní nǹkan bí 1863, àwọn igi àjàrà bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní agbègbè Gard, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ní oṣù Keje 1868, ọ̀jọ̀gbọ́n Planchon, Gaston Bazille àti Félix Sahut wá wo ọ̀rọ̀ náà. Wọn kò rí nǹkan kan lára igi tí ó ti kú. Ìgbà tí wọ́n hú igi tí ara rẹ̀ ṣì dá ni wọ́n rí kòkòrò wínníwínní aláwọ̀ ìyeyè tí ó bo gbòǹgbò rẹ̀, tí ó ń fa omi rẹ̀ mu. Phylloxera ni orúkọ rẹ̀. Láti Amẹ́ríkà ni ó bá ọkọ̀ ojú omi wá. Ní 1874, ìjọba ṣèlérí 300,000 fráǹkì fún ẹni tí ó bá rí oògùn rẹ̀. Ọtí tí gbogbo ilẹ̀ Faransé ń ṣe, tí ó lé ní bílíọ̀nù 8 lítà ní 1875, kò pé bílíọ̀nù 2 ààbọ̀ mọ́ ní 1889. Ọ̀pọ̀ ìdílé kó lọ sí Àlìjíríà, wọ́n sì dá ọgbà àjàrà sílẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tí àrùn ti wá náà ni ìwòsàn ti wá. Gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà ti mọ kòkòrò yìí láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì lè pa á. Nítorí náà, wọ́n gé ẹ̀ka àjàrà Faransé, wọ́n sì lọ́ ọ mọ́ gbòǹgbò ti Amẹ́ríkà. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Montpellier kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní iṣẹ́ yìí. Àmọ́ nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tún ọgbà wọn gbìn, Aramon ni ọ̀pọ̀ wọn tún lọ́ mọ́ gbòǹgbò tuntun náà, nítorí gbèsè tí ó wà lọ́rùn wọn.

Ọdún 1907

Kò pẹ́ tí ọ̀wọ́n fi di ọ̀pọ̀ padà. Ọtí kún inú àgbá. Ti Àlìjíríà ń wọlé, àwọn oníjìbìtì sì ń fi ṣúgà àti omi ṣe ayédèrú. Owó ọjà já wálẹ̀ tí kò fi kájú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, 1907, Marcelin Albert, àgbẹ̀ àti ọlọ́tí ní Argeliers, kó ènìyàn 87 lọ sí Narbonne láti fi ẹ̀hónú hàn. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 9, oṣù Kẹfà, èrò tí ó pé jọ ní Montpellier ti tó 500,000. Ní ọjọ́ 19 àti 20 oṣù náà, àwọn ọmọ ogun yìnbọn ní Narbonne, ènìyàn bíi mẹ́fà sì kú. Nígbà tí ìròyìn yìí dé etí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kẹtàdínlógún ní Agde, ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí í ṣe ọmọ àwọn àgbẹ̀ kan náà, kọ̀ fún ọ̀gá wọn, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn lóru lọ sí Béziers.

Albert lọ rí Clemenceau, olórí ìjọba, ní Páríìsì. Clemenceau fún un ní 100 fráǹkì owó ọkọ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì sọ pé ó ti gba rìbá. Bẹ́ẹ̀ ni iyì rẹ̀ ṣe wọmi. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, òfin jáde tí ó dojú kọ ayédèrú ọtí: gbogbo ọlọ́gbà gbọ́dọ̀ sọ iye ọtí tí ó ṣe, owó orí sì gun orí ṣúgà.

Àwọn igi àtijọ́ padà

Òfin lè lé ayédèrú, kò lè sọ Aramon di Grenache. Ní Châteauneuf-du-Pape, Pierre Le Roy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlànà kalẹ̀ ní 1923 nípa irú igi, irú ilẹ̀ àti agbára ọtí tí ó lè jẹ́ orúkọ ìlú náà. Irú ìlànà yìí di òfin gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1935. Bandol tẹ̀ lé e ní 1941, Mourvèdre sì ni òpó ọtí rẹ̀. Ní Languedoc, ọ̀rọ̀ pẹ́ kí ó tó yí. Nígbà tí Àlìjíríà gba òmìnira ní 1962, ọtí líle tí wọ́n fi ń ran Aramon lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, àṣírí Aramon sì tú. Carignan gba ipò rẹ̀, wọ́n sì tún gbìn ín ní àgbìnjù. Ní oṣù Kẹta 1976, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Montredon. Àgbẹ̀ kan àti ọlọ́pàá kan ni ó kú. Láti 1988, owó ni wọ́n fi ń bẹ àgbẹ̀ kí ó hú àjàrà rẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn tí kò hú ògbólógbòó Carignan wọn ní orí òkè olókùúta rí nǹkan kan. Igi arúgbó náà kò so púpọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọtí inú ìwọ̀nba èso rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì ní iyì lọ́jà. Igi tí a ń bú ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni a ń yìn lórí òkè. Kì í ṣe igi ni ó jẹ̀bi. Àṣejù ni, àṣejù sì ni baba àṣetẹ́.