Ọmọ Ọwọ́ àti Àwọn Tó Ń Tọ́jú Rẹ̀ ní Ọ̀tà àti Sàngó

Ọmọ ọwọ́ ni ọmọ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i títí di ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá rìn. Láàárín àkókò yìí kò lè dá jẹun, kò lè lé ẹ̀fọn, kò lè sọ pé òtútù ń mú òun tàbí pé inú ń run òun. Ẹkún ló ní, ẹkún náà kò sì wúlò bí kò bá sí ẹni tó máa dáhùn. Bí ara, ọpọlọ àti ìwà rẹ̀ yóò ṣe rí wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dáhùn yẹn: ìyá, bàbá, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n, aládùúgbò, tàbí obìnrin tó ń gba ọmọ tọ́jú lójúmọmọ. Àyọkà yìí sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí ní ìlú Ọ̀tà àti agbègbè ilé iṣẹ́ Sàngó Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí aago iṣẹ́ àti ebi ọmọ kì í ti í sábà bára mu.

Ìlú náà àti àwọn òbí inú rẹ̀

Ìlú àwọn Àwórì ni Ọ̀tà, Ọlọ́tà sì ni ọba rẹ̀. Ọ̀tà ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1989. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 526,565 ní ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ẹni tó bá dúró lábẹ́ bíríìjì Sàngó láàárọ̀ kùtù yóò mọ̀ pé iye yẹn ti di ìtàn. Ilé iṣẹ́ irin, ike, ọṣẹ, bébà àti oúnjẹ wà káàkiri ojú ọ̀nà Ìdírókò àti òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àti àwọn tó ń ti ibẹ̀ lọ sí Ìkẹjà tàbí Agége lójoojúmọ́ wá láti ibi gbogbo, nítorí owó ilé kò wọ́n tó ti Èkó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìyá ọmọ níbẹ̀ fi jẹ́ àlejò. Ìyá tó bí wọn wà ní Ìsẹ́yìn, ní Ìkirè, ní Benue tàbí ní Kútọnu. Ó lè wá wẹ ọmọ fún ogójì ọjọ́, àmọ́ yóò padà sídìí ọjà tirẹ̀.

Àwọn àgbà ní ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Ní Sàngó, owó ni wọ́n fi ń wá lára igba ojú náà.

Bẹ́ẹ̀, ìlú yìí kan náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti fìdí múlẹ̀, ìyẹn eré àti ètùtù tí àwọn Yorùbá apá ìwọ̀-oòrùn fi ń yẹ́ àwọn ìyá sí. Àjọ UNESCO kéde rẹ̀ ní ọdún 2001, wọ́n sì fi í sínú àkójọ ogún àṣà àgbáyé ní ọdún 2008 lórúkọ Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ọ̀já tí àwọn obìnrin fi ń pọnmọ wà lára ohun tí wọ́n máa ń yá láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí aṣọ ẹni tó ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìlú tó ń gbé ọ̀já jó lójú agbo kò tíì rí bí ìyá yóò ṣe gbé ọ̀já wọ géètì ilé iṣẹ́.

Ohun tí ìdáhùn ń ṣe fún ọpọlọ

Ọpọlọ ọmọ tuntun tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ti àgbàlagbà. Kí ọmọ náà tó pé ọdún mẹ́ta, ó ti tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Oúnjẹ nìkan kọ́ ló ń mú un dàgbà. Bí ọmọ bá ṣe “àgù”, tí àgbà sì dá a lóhùn, tó wo ojú rẹ̀, tó kì í ní oríkì, ọpọlọ ń so ara rẹ̀ pọ̀ ni. Ìyá àgbà tó ń ki Àjọkẹ́ bó ṣe ń fi òrí pa á lára ń ṣe ohun tí àwọn onímọ̀ ìgbàlódé ń gba àwọn òbí níyànjú láti ṣe, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ìwé hàn án.

John Bowlby, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìròyìn kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 1951 pé ọmọ tí kò ní olùtọ́jú kan tó dúró tì í máa ń forí fá a. Mary Ainsworth, tó ti bá a ṣiṣẹ́, lọ sí Uganda láàárín ọdún 1954 sí 1955, ó ń wo àwọn ọmọ ọwọ́ nílé wọn ní àwọn abúlé tó yí Kampala ká. Ó rí i pé ẹni tó bá mọ ohun tí ọmọ ń wí, tó sì ń tètè dáhùn, ni ọkàn ọmọ máa ń balẹ̀ sí. Ó tún rí i pé ọmọ lè fara mọ́ ju ẹnì kan lọ, bàbá tàbí ìyá àgbà pẹ̀lú ìyá. Ní Romania, lẹ́yìn tí ìjọba Ceaușescu wó ní ọdún 1989, ayé rí àwọn ọmọ tó kún ilé aláìlóbìí. Wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ, àmọ́ òṣìṣẹ́ kan ló ń tọ́jú ọ̀pọ̀ ọmọ. Àwọn ọmọ náà kò ga, ọ̀rọ̀ wọn pẹ́ kó tó yọ. Ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní Bucharest ní nǹkan bí ọdún 2000 fi hàn pé àwọn tí ìdílé gbà tọ́ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì bọ́ sípò ju àwọn tó pẹ́ níbẹ̀ lọ.

Ní ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé, UNICEF àti Báńkì Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde lórí ohun tí ọmọ kékeré nílò: ìlera, oúnjẹ tó péye, olùtọ́jú tó ń dáhùn, ààbò, àti àǹfààní láti máa kẹ́kọ̀ọ́ láti kékeré. Nínú márààrún, àkókò ni ẹ̀kẹta ń gbà jù, àkókò gan-an ló sì wọ́n jù ní Sàngó.

Ọmú, òfin àti ṣíìfù

Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìlera kò lọ́jú pọ̀: kí ọmọ mu ọmú láàárín wákàtí àkọ́kọ́, kó mu ọmú nìkan fún oṣù 6, kí wọ́n wá fi oúnjẹ mìíràn kún un, kó sì máa mu ọmú lọ títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Omi ọmú àkọ́kọ́ tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tí àwọn kan máa ń fún dànù, ló ní ohun tó ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ àrùn jù. Àwọn kan á ní oòrùn mú, ọmọ gbọ́dọ̀ mu omi. Nǹkan bí ìdá 87 nínú 100 ọmú sì jẹ́ omi, kò sí píọ́ wọ́tà tó mọ́ tó o. Síbẹ̀, ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní ọdún 2013 rí i pé ọmọ 17 péré nínú 100 tí kò tíì pé oṣù 6 ló ń mu ọmú nìkan. Ní ọdún 2018, wọ́n di 29.

Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àìmọ̀kan ló fà á. Ẹni tó bá ka òfin yóò rí ìdí mìíràn. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, ní abala 54, fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́ náà, owó tí wọ́n máa san fún un kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdajì owó oṣù rẹ̀. Nígbà tó bá padà, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ẹ wo ìṣirò náà: ọ̀sẹ̀ kẹfà tí ọmọ gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ lẹ́yìn ti ọjọ́ ìbí ni òfin yọ̀ǹda kí ìyá rẹ̀ padà sídìí ẹ̀rọ. Ìjọba Èkó, tó wà ní ìwọ̀nba kìlómítà síbẹ̀, ti fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní oṣù 6 láti ọdún 2014. Àdéhùn 183 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ní ọdún 2000 sì sọ pé kò gbọ́dọ̀ dín sí ọ̀sẹ̀ 14.

Ìdajì wákàtí yẹn, ta ló ń rí i lò? Ọmọ wà nílé ní Ìjọ̀kò tàbí Atan, ìyá wà nílé iṣẹ́. Kí ọ̀kadà tó gbé e dé ilé, àkókò ti tán. Obìnrin tí wọ́n gbà síṣẹ́ kọ́ńtíráàtì, tó ń gba owó ọjọ́ tó bá wá, kì í tilẹ̀ í béèrè, kí wọ́n má bàa sọ pé kó má wá mọ́. Ohun tí àwọn kan ń ṣe ni pé wọ́n ń fún ọmú sínú ife tó mọ́ kí wọ́n tó jáde. Kò yẹ kó ju wákàtí 4 lọ níta láìsí fíríìjì, bẹ́ẹ̀ iná kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ife kékeré tàbí ṣíbí sàn ju fídà lọ láti fi fún ọmọ, nítorí ọrùn fídà ṣòro láti fọ̀ mọ́. Ti ògì tó ṣàn bí omi tí wọ́n ń rọ ọmọ oṣù méjì kó lè sùn ló burú jù: ó ń kún inú rẹ̀, kò fún un lókun, ó sì lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹni tí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án

Ilé jẹ́lé-ó-sinmi pọ̀ ní àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ yàrá kan nílé obìnrin tó ti bímọ tirẹ̀ dàgbà. Kì í ṣe ohun àbùkù. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lè mọ ọmọ tọ́jú ju ilé tó kun ògiri lóríṣiríṣi àwọ̀ lọ. Iye ọmọ ló yẹ kí òbí kà. Àwọn onímọ̀ máa ń fẹ́ kí ẹnì kan má tọ́jú ju ọmọ ọwọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Bí mẹ́wàá bá wà lórí ẹní kan, ẹkún yóò di ariwo tí etí ti mọ́ lára. Láti nǹkan bí oṣù 7 ni ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í mojú, tó ń sá fún àlejò. Ilé tó ń pààrọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ lóṣooṣù ní àkókò yìí ń dá ọmọ lágara.

Lára ohun tí àṣà fún wa, pípọnmọ ni mo fẹ́ràn jù. Ó ń mú ara ọmọ móoru, ọmọ ń gbọ́ ohùn, ó ń rí ayé láti èjìká àgbà. Ohun tó fara jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ níbòmíràn: ní ọdún 1978, àwọn dókítà ní Bogotá, olú ìlú Colombia, bẹ̀rẹ̀ sí í so ọmọ tí kò tó oṣù mọ́ àyà ìyá rẹ̀, ara kan ara. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní ọdún 2021, tí Ilé-Ifẹ̀ jẹ́ ibùdó rẹ̀ ní Nàìjíríà, fi hàn pé bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ èyí kété lẹ́yìn ìbí, ikú àwọn ọmọ tó kéré gan-an ń dín kù ní ìdá 25 nínú 100.

Àṣà mìíràn wà tó yẹ ká jáwọ́ nínú rẹ̀. Káńfọ̀ tí wọ́n fi ń pa aṣọ ọmọ mọ́ lè ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ó ní àìtó kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD, èyí tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọkùnrin Yorùbá. Ojú á pọ́n, ara á pọ́n, bó bá sì le, ó lè wọ ọpọlọ, kó sọ ọmọ di adití tàbí arọ. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Àwọn oníṣègùn ní Èkó fi hàn nínú ìwádìí kan ní ọdún 2015 pé oòrùn tí wọ́n fi aṣọ àrà ọ̀tọ̀ sẹ́ lè ṣiṣẹ́ bí iná ilé ìwòsàn. Oòrùn gbígbóná ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe irú rẹ̀. Ti oògùn eyín híhù náà ńkọ́? Láàárín ọdún 2008 sí 2009, oògùn tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí kẹ́míkà olóró wọ inú rẹ̀, pa ọmọ tó kéré tán 84 ní Nàìjíríà.

Eruku ibi iṣẹ́ ń bá òbí wálé. Ní Zamfara, ní ọdún 2010, eruku òjé láti ibi ìwakùsà góòlù pa ọmọ tó lé ní irínwó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bátìrì tàbí tó ń yọ́ irin, kó bọ́ aṣọ iṣẹ́, kó wẹ̀, kó tó gbọ́mọ. Gáàsì olóró inú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí kọ̀rídọ̀ ń pa ọmọ láìní òórùn tó lè ta ẹnikẹ́ni lólobó.

Kílíníìkì àti ẹni tó ń tọ́jú ìyá

Ní òpin àwọn ọdún 1950, David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà dá kílíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó fi ìwé ìwọ̀n ọmọ lé ìyá fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, dípò kí ilé ìwòsàn tì í mọ́nú àpótí. Ìlànà yìí tàn ká ayé. Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé tó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, gbé ìtọ́jú náà dé àwọn ilé ìlera alábọ́ọ́dé, ó sì mú kí omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ìgbẹ́ gbuuru di ohun tí gbogbo ìyá mọ̀. Abẹ́rẹ́ ọjọ́ ìbí, ti ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, àti ti oṣù 9 ni òbí ní Ọ̀tà gbọ́dọ̀ máa tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́ láti lọ gbà.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Iléṣà, tó jáde ní ọdún 2005, rí i pé nǹkan bí ìyá 15 nínú 100 ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà lẹ́yìn ìbímọ. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e ní ọdún 2008 rí i pé ọmọ irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ kì í dàgbà tó ẹgbẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹta àti oṣù kẹfà. Tí wọ́n bá ní “ó ń ṣọ̀lẹ ni”, àìsàn ni wọ́n ń bú.

Ìjọba àpapọ̀ fún àwọn bàbá tó jẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 14 ní ọdún 2022. Bàbá tó wà nílé iṣẹ́ àdáni kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tọkọtaya kan wà tí wọ́n pín ṣíìfù: ìyá ń lọ lọ́sàn-án, bàbá ń lọ lálẹ́, ọmọ kì í sì í dá wà. Ewu kan wà níbẹ̀. Ẹni tó ti ṣíìfù alẹ́ dé, tó sùn lọ lórí àga onítìmùtìmù pẹ̀lú ọmọ láyà, lè dí ọmọ nímú láìmọ̀. Kó tẹ́ ọmọ sórí ibùsùn tó le, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó má ṣe dá a dọ̀bálẹ̀ rárá o. Ẹ̀yìn ni kó fi lélẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sí ìrọ̀rí nítòsí ojú rẹ̀.