Ihò Tóóró Tó Ń Ka Ẹ̀jẹ̀

Ní ọdún tó kọjá, lẹ́yìn tí odò Ògùn ya wọ àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀, ibà dá àbúrò mi dùbúlẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun. Dókítà ní kí a lọ ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n níbi àyẹ̀wò tí a dé, kò sí iná, ẹ̀rọ kò sì lè ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kejì ni èsì tó jáde. Màmá mi kò fojú kan oorun mọ́jú. Àbúrò mi yè, àmọ́ mo fẹ́ mọ ìtàn ẹ̀rọ tó dá wa dúró bẹ́ẹ̀.

Kí irú ẹ̀rọ yìí tó dé, ojú ni wọ́n fi ń ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù. Iṣẹ́ náà ń pẹ́, ojú a sì máa ṣì í kà. Wallace Coulter, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1913, ló wá ọ̀nà mìíràn nínú yàrá abẹ́ ilé kan ní Chicago. Ó po ẹ̀jẹ̀ mọ́ omi iyọ̀, ó jẹ́ kí ó gba ihò tóóró kọjá, ó sì fi iná díẹ̀ gba inú ihò náà. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ń kọjá, yóò dí iná náà lọ́wọ́ díẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì kà á sí ẹyọ kan. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà tóóró ní ọjà Mile 12, tó ń ka àwọn aláàárù bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1953, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà.

Ẹ̀rọ rẹ̀ tàn ká ilé ìwòsàn ńlá, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kò sì lè ṣe é láìsí iná ìjọba tàbí jẹnẹrétọ̀. Ní 2017, Rahim Esfandyarpour àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lásán tẹ ọ̀nà iná tín-ín-rín sórí rọ́bà pẹlẹbẹ kan, wọ́n sì gbé ihò kékeré tí ẹ̀jẹ̀ yóò máa gbà lé e lórí. Iná ló ń ya àwọn sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní owó ṣíṣe rẹ̀ lè má ju sẹ́ǹtì 1 lọ.

Èmi kò tíì rí irú rẹ̀ ní àdúgbò wa. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí kọ́ mi pé láti ìbẹ̀rẹ̀, ihò kékeré àti iná díẹ̀ ni gbogbo àṣírí náà. Bí èyí bá lè dé orí rọ́bà olówó pọ́ọ́kú, ó yẹ kó dé Ajégúnlẹ̀, kí ìyá ọmọ tó ń ṣàìsàn lè gbọ́ èsì kí ilẹ̀ tó ṣú.