Ilẹ̀ Àpápá Kí Wọ́ọ̀fù Tó Dé

Ẹjọ́ ni ó mú ìtàn ilẹ̀ Àpápá wọ inú ìwé, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni dìde láti wá a. Ní ọdún 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ kan níbẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 1903 tí ó fún un lágbára láti gba ilẹ̀ fún ìlò gbogbogbòò. Olóyè Àmódù Tìjání, tí í ṣe Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdéjọ, ìyẹn àwọn olóyè onífìlà funfun tí ilẹ̀ Èkó wà níkàáwọ́ wọn, béèrè owó gbà-máà-bínú gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ Èkó ní ẹ̀tọ́ àbójútó nìkan ni ó ní. Olóyè náà kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ kọjá òkun, Herbert Macaulay sì bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Keje ọdún 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ tó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì dá a láre pé àwùjọ tí Olúwa dúró fún ni ó ni ilẹ̀ náà, àti pé ìwé tí Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ̀ ní 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí èbúté mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ òkun ńlá lè gúnlẹ̀ sí ní Àpápá, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1926.

Ìdájọ́ ńlá ni, àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń tọ́ka sí i títí di òní. Síbẹ̀, ẹjọ́ ilẹ̀ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ: ẹni tó fẹ́ jàre a máa sọ baba ńlá tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó àti ẹni tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n adájọ́ kì í béèrè irú ìkòkò tí wọ́n fi ń se oúnjẹ tàbí ibi tí wọ́n sin òkú wọn sí. Kò sì sí òfin nígbà náà tó ní kí awalẹ̀pìtàn, ìyẹn onímọ̀ tó ń wá ìtàn nínú ilẹ̀, ṣíwájú agbaṣẹ́ṣe.

Ọdún 1943 ni ìjọba tó yan Kenneth Murray láti máa bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Òfin tẹ̀ lé e ní 1953. Òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin ọdún 1979 sì dá àjọ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò tí awalẹ̀pìtàn máa ń ṣe kí agbaṣẹ́ṣe tó dé kò le. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ àti ìwé ẹjọ́ wò, wọ́n á bi àwọn àgbà ìdílé léèrè, lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ á tò sí ọgbọọgba, tí wọ́n á máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n á sì máa ṣa àpáàdì, ìkarahun àti èédú tó bá hàn lójú ilẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n á gbẹ́ kòtò kéékèèké káàkiri láti mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Ilẹ̀ irà bíi ti Ajégúnlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpápá kò ṣeé fojú di, nítorí pé ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀ kì í jẹ́ kí igi jẹrà. Ní Dùfúnà, ní ìpínlẹ̀ Yóbè, ẹni tó ń gbẹ́ kànga ní 1987 ló kan ọkọ̀ tí wọ́n fi igi gbẹ́ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọdún sẹ́yìn. Ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tó ń walẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 ni wọ́n kan àwọn orí idẹ tí ayé ń yìn lónìí. Orí ló bá wọn ṣe é. Orí kì í sì í ṣe ètò. Ní Káínjì, ní àwọn ọdún 1960, àwọn awalẹ̀pìtàn ṣiṣẹ́ kí adágún omi tí wọ́n sé tó bo ilẹ̀, èyí tó fi hàn pé irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe ní Nàìjíríà.

Láti 1992, òfin kẹrìndínláàádọ́rùn-ún ti ní kí wọ́n ṣàyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ ńlá bí èbúté yóò ní lórí àyíká. Ṣùgbọ́n àwọn awalẹ̀pìtàn ilẹ̀ wa ti ń ké gbàjarè tipẹ́ pé ìwádìí èéfín àti omi nìkan ni àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò náà ń kà sí. Ajégúnlẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù fi ṣe ilé, ṣì ní àwọn àgbà tó mọ ibi tí odò ń gbà kí wọ́n tó fi yanrìn dí i. Kí ìjọba àti agbaṣẹ́ṣe pe àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí ti wà láti 1970, kí wọ́n sì bi àwọn àgbà náà léèrè kí katapílà tó dé.