Moog Nìkan Kọ́

Ní Angré, ní Cocody, apá Abidjan tí Alpha Blondy fi orúkọ rẹ̀ sọ àwo orin lọ́dún 1984, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan jókòó sáàárín wáyà bí onídìrí láàárín irun. Orin ló ń tò fún àwọn akọrin. Arrangeur ni wọ́n ń pe irú wọn níbẹ̀. Ó tẹ dùùrù oníná rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohùn náà bú jáde nísàlẹ̀, ó wá ń yọ́ gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dún bíi fèrè. Ó rẹ́rìn-ín. “Tọ́ntọ́n,” ló wí, “Moog ló dá gbogbo èyí sílẹ̀ lọ́dún 1964. Kó tó dé, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé iná lè máa darí ohùn.”

Kì í ṣe òun nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ synthesizer, irú dùùrù oníná yìí, orúkọ Robert Moog, ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń parí. Èmi ń sọ pé ìtàn náà kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń jiyàn lé lórí. Nínú irú dùùrù yìí, ibi tí ohùn ti ń jáde ọ̀tọ̀, ibi tí àṣẹ ti ń wá ọ̀tọ̀. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, iná díẹ̀ lo rán níṣẹ́, bí iná náà bá sì ṣe pọ̀ tó ni ohùn yóò ṣe ga tó. Lórí ìwọ̀n tí Moog lò, fóòtì (volt) 1 ni ohùn fi ń di ìlọ́po méjì: èyí tó wà ní hertz 220, fi fóòtì 1 kún un, ó di 440, tún fi 1 sí i, ó di 880. Àpótí kékeré kan wà tí ọmọ yìí fi sáàárín méjèèjì, tí kò dún rárá. Alárinà ni. Ó ń gba iná lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń tún un ṣe kó tó fi jíṣẹ́ lọ́wọ́ òsì: ó lè dín in kù, ó lè fi kún un, ó lè dojú rẹ̀ dé kí ohun tó yẹ kó gòkè máa sọ̀kalẹ̀, ó sì lè fà á kí ohùn má fò, kó máa yọ́ lọ. Yíyọ́ tó pa ọmọ yìí lẹ́rìn-ín, iṣẹ́ alárinà ni.

Ẹni tó bá ti wo onídùndún rí mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọwọ́ ọ̀tún ń fi kọ̀ǹgọ́ lu awọ, ọwọ́ òsì ń fún ọsán. Ọwọ́ òsì kò lu nǹkan kan, síbẹ̀ òun ló ń sọ ohun tí ìlù wí.

Wàyí o, ta ló kọ́kọ́ gbé irú ètò yìí bọ inú ẹ̀rọ oníná? Lọ́dún 1945, onímọ̀ físíìsì kan ní Kánádà, Hugh Le Caine, bẹ̀rẹ̀ sí í kan ẹ̀rọ orin tó pè ní Electronic Sackbut. Nígbà tó fi máa di 1948, ó ti ń dún. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń tẹ dùùrù rẹ̀: tẹ̀ ẹ́ kó le, ìró á pọ̀ sí i, fi ìka tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ohùn á tẹ̀. Ọwọ́ òsì kò tẹ dùùrù rárá. Tirẹ̀ ni kó máa yí àwọ̀ ohùn padà. Fóòtì ló sì ń gbé gbogbo àṣẹ wọ̀nyí. Ọdún 16 rèé kí ti Moog tó dé.

Le Caine nìkan kọ́. Harald Bode, ará Jámánì tó kó lọ sí Amẹ́ríkà, ti kan ẹ̀rọ alápòótí-ṣọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó ń fi fóòtì darí ohùn nígbà tí ọdún 1960 fi máa parí, ó sì kọ ọ́ síta lọ́dún 1961. Ní Kalifọ́níà, Don Buchla ń kan tirẹ̀ fún Morton Subotnick àti Ramon Sender lásìkò kan náà tí Moog wà lẹ́nu tirẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York, láìjẹ́ pé ẹnì kan wo iṣẹ́ ẹnì kejì. Ìwọ̀n wọn pàápàá kò dọ́gba: fóòtì 1.2 ni Buchla lò níbi tí Moog ti lo 1.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń bu Moog kù. Òun àti olórin Herbert Deutsch ló jọ jókòó lọ́dún 1964. Òun ló mú ìwọ̀n kan ṣoṣo tó rọrùn, tó so ó mọ́ dùùrù tí ọwọ́ gbogbo olórin mọ̀, tó sì gbé e lọ sọ́jà. Nígbà tí àwo Switched-On Bach jáde lọ́dún 1968, orúkọ rẹ̀ kárí ayé. Sackbut Le Caine kò dé ọjà. Ìyẹn ló fa gbogbo rẹ̀: ẹni tó tajà la mọ̀, a kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ gbìn ín. Àwa tí à ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ní Ómò, kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Ní Abidjan náà, olórin Ernesto Djédjé ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àwo Ziboté ọdún 1977. Mélòó ló rántí pé Èkó ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, àti pé Badmos, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣòwò àwo ní Abidjan, ló gbé e jáde?

Ṣùgbọ́n àwa náà ní àsọdùn tiwa. Àwọn kan á ní Áfíríkà ló ni synthesizer látilẹ̀, wọ́n á sì pe Halim El-Dabh, ọmọ Íjíbítì, lẹ́rìí. Òótọ́ ni pé lọ́dún 1944, ní Káírò, ó gba ẹ̀rọ tó ń fi wáyà tín-ín-rín gba ohùn sílẹ̀, ó gbé e lọ síbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe zaar, ètò ìwòsàn wọn, ó sì lọ tún ohùn wọn gbà léraléra nílé iṣẹ́ rédíò títí ìró nìkan fi kù. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni Pierre Schaeffer, tí àwọn tó kàwé lédè Faransé ń pè ní baba iṣẹ́ fífi ohùn tí a gbà sílẹ̀ ṣe orin, ṣe tirẹ̀ ní Paris. Níbẹ̀, El-Dabh ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn tó ti wà nílẹ̀ ló fi ṣiṣẹ́. Kò kan synthesizer. Dùndún náà kò bí i. Wọ́n jọra, ṣùgbọ́n ẹni tó jọ ọ́ kò di ọmọ ìyá rẹ. Tí a bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ El-Dabh fún un, ohun tó ṣe gan-an ni ká sọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń kọ́ni lórin ní Cocody, ì báà jẹ́ ní INSAAC, ilé ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ ọnà, tàbí nínú yàrá tí wáyà kún bíi ti ọmọ yìí, ẹ má kọ orúkọ kan ṣoṣo sójú pátákó mọ́. Ẹ kọ Káírò, 1944, fún ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, kí ẹ tó kọ Kánádà, 1948, Bode, 1960, Moog, 1964, pẹ̀lú Buchla lásìkò kan náà. Ìlà kan náà ni, kò gba àyè púpọ̀.